Ago Tí Moríyọ̀ Kò Fẹnu Kàn Mọ́

Ọdún méjìdínlógún rèé tí Silas ti pa irọ́ kan nílùú Oǹdó. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Moríyọ̀ ló pa irọ́ náà mọ́. Moríyọ̀ ló ń fọ ago Ìdàpọ̀ Mímọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Lọ́jọ́ ìkórè kan, ó bá Silas wí lójú ìjọ pé ó mutí yó wá sílé Ọlọ́run. Silas gbé ọ̀rọ̀ náà sínú.

Nígbà tó yá, àmì funfun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ létè Moríyọ̀ àti ní ìka rẹ̀. Àyè tí Silas ń wá nìyẹn. Ó dìde nípàdé ìjọ, ó ní ẹ̀tẹ̀ ni. Ó búra pé òun fojú ara òun rí i tí iná ń jó ìka obìnrin náà nídìí ààrò, tí kò sì mọ̀ ọ́n lára.

Silas kò dé ìdí ààrò kankan. Ṣùgbọ́n ago kan náà ni gbogbo ìjọ fi ń mu wáìnì, ta ni yóò fẹnu kan ibi tí adẹ́tẹ̀ fẹnu kàn? Wọ́n gba ago lọ́wọ́ Moríyọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn pátápátá ló ń jókòó sí. Bí wọ́n bá pe ìjọ wá síbi tábìlì Olúwa, òun a tẹrí ba.

Silas kó lọ sí Àkúrẹ́, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń gẹrun sí ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé. Ọtí kò kúrò lẹ́nu rẹ̀, inú tó ń bí i sí Moríyọ̀ kò sì rọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ìka tirẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í funfun. Ó wọ ìbọ̀wọ́ nínú ooru. Ó ra ìpara lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìta-Ògbólú. Ìpara náà bó o lọ́wọ́. Ní Sátidé kan, ìbọ̀wọ́ ya mọ́ ọn lọ́wọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Oníbàárà rí ìka rẹ̀ nínú dígí, ó sì dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú," ló wí. "Ó sàn kí n gbé ìdajì irun relé."

Kí oṣù náà tó parí, ṣọ́ọ̀bù ti dá páropáro. Silas gbà pé Moríyọ̀ ló ṣépè fún òun.

Bísọ́dún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa takisí ní Alágbàká, ló fipá gbé e lọ sí ọsibítù. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Hameedat ní kó dijú, ó fi abẹ́rẹ́ gún ibi tó funfun ní ìka rẹ̀ díẹ̀. Silas fa ọwọ́ yọ.

"Ó dùn yín, bàbá?"

"Ó dùn mí."

"Ibi tí ẹ̀tẹ̀ bá wà lára kì í sábà mọ ìrora."

Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ó ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀. Fitílígò ni wọ́n ń pè é. Ohun tó ń fún awọ ara ní àwọ̀ ló ń kú. Kì í ranni. Ago kò gbé e, kílípà ìgẹrun kò gbé e. Kì í ṣe èpè. Ìtọ́jú wà tó lè ràn án lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kó ju ìpara yẹn nù, kó sì máa bo ara lọ́wọ́ oòrùn.

Ó yẹ kí Silas yọ̀. Ṣùgbọ́n Moríyọ̀ ló rántí: irú funfun yìí kan náà ló yọ sí i lára. Bí abẹ́rẹ́ bá dun òun, iná ì bá dun Moríyọ̀.

Nínú takisí, ó jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún Bísọ́dún. Bísọ́dún yà sẹ́bàá ọ̀nà.

"Silas, Ọlọ́run kò bá awọ ara rẹ jà. Ọkàn rẹ ló ń wá. Jésù ti kú nítorí irọ́ yẹn, ìwọ ni o kò tíì jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un."

Silas sunkún, ó sì gba Jésù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ní Ọlọ́run nìkan lòun yóò jẹ́wọ́ fún, ní kọ̀rọ̀.

"Ṣé kọ̀rọ̀ lo ti pa irọ́ náà?" ni Bísọ́dún bi í.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù, àwọn méjèèjì lọ sí Oǹdó. Moríyọ̀ wà lẹ́yìn níbẹ̀, orí rẹ̀ ti hewú, funfun ti dé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Àlùfáà gbé ago sókè. Silas bojú wo ẹ̀yìn. Ó ṣì lè dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

Ìwọ tó mú ìwé yìí dání, kí ni ìwọ náà dákẹ́ lé lórí? Ta ló ń jókòó sẹ́yìn nítorí rẹ? Má wí pé ó dọ̀la. Ọ̀la yẹn ni Silas fi ọdún méjìdínlógún sọ. Ẹ̀jẹ̀ Jésù tó ọ lónìí. Ronú pìwà dà, kó o sì dìde níbi tó o wà.

Silas dìde. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó na ọwọ́ funfun rẹ̀ sókè kí gbogbo ìjọ lè rí i.

"Iná kò jó Moríyọ̀," ló wí. "Mi ò sí níbẹ̀. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."