Eyínfúnjowó Etí Ọ̀sà

Ọjọ́ Sátidé kan ni, lẹ́yìn ọdún Àjíǹde, ní 1956. Àwa ọ̀dọ́ Ìbà di ẹní, ìkòkò àti gààrí, a forí lé Ọ̀jọ́. Àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ ló ní ká wá pàgọ́ sétí ọ̀sà, ká jọ ṣeré di ọjọ́ Àìkú. Èmi Ọmọ́yẹlé wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Àjàgbé náà wà níbẹ̀.

Iyanrìn tí a fẹ́ pàgọ́ sí wà lódìkejì, ọkọ̀ ló máa gbé wa débẹ̀. Ọmọbìnrin dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló mú àjẹ̀ lọ́wọ́. Àwẹ̀ró ni, ọmọ Bàbá Àlàó apẹja. Àjàgbé wò ó, ó gbàgbé pé omi ló wà nísàlẹ̀. Ó gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ bí ẹni ń gun ebè, ọkọ̀ yí, ó já sómi, jàbú!

“Ẹ rọra o, ará Ìbà!” Ẹ̀rín ń pa Àwẹ̀ró. “Ebè iṣu kọ́ nìyí o!”

Àjàgbé nu ojú. “Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ lo ṣe máa rẹ́rìn-ín, mo tún lè jábọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i.”

Ìfẹ́ wọ ẹ̀gbọ́n mi lára nìyẹn. Nírọ̀lẹ́, ó lọ bá a níbi tó ti ń họ ẹja. “Àwẹ̀ró, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Ṣé wàá fẹ́ mi?”

“Mo gbọ́,” ni Àwẹ̀ró wí. Kò fi nǹkan kan kún un.

Àjàgbé sáré tọ̀ mí wá. “Ọmọ́yẹlé, kí ni ‘mo gbọ́’ túmọ̀ sí?”

“Ó túmọ̀ sí pé etí rẹ̀ ò di.”

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín lójú Àjàgbé o. Gbogbo Ọ̀jọ́ ló mọ̀ pé Bàbá Àlàó ti sọ ọ́ gbangba: ọlọ́kọ̀ ni yóò fẹ́ ọmọ òun, kì í ṣe ọlọ́kọ́. Ọlọ́kọ̀ kan sì ti ń ti Àgbádárìgì wá kí i lemọ́lemọ́. Bí a bá fi lè padà sílé láìgbọ́ tẹnu Àwẹ̀ró, ó parí nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Bàbá Àlàó gbé agbọ̀n ẹja wá fún wa. Gbogbo wa yí iná ká. Àwẹ̀ró ń da ẹja sínú epo gbígbóná. Bó ṣe nawọ́ láìwẹ̀yìn, ó ní:

“Eyínfúnjowó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi na iyọ̀.”

Èmi tí iyọ̀ wà lọ́wọ́ mi ló ń bá wí! Ta ni kò mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í pe àbúrò ọkọ rẹ̀ lórúkọ, pé òun ló ń fún un ní tirẹ̀, tó sì ń fi “ẹ” bá a sọ̀rọ̀ bó ti wù kó kéré tó? Mi ò tíì pé ọdún mẹ́rìndínlógún.

Bàbá Àlàó gbé agbọ̀n sílẹ̀. “Kí lo pè é?”

Àwẹ̀ró bo ẹnu. “Ọmọ́yẹlé ni mo fẹ́ pè, bàbá.”

“Èyí tó o fẹ́ pè kọ́ ni mo bi ọ́. Èyí tó o pè ńkọ́?”

Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í yí ẹja inú epo. Ó ti ń fi orúkọ náà dánra wò nínú ọkàn rẹ̀ láti àná, epo gbígbóná ló jẹ́ kó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ìwọ tó o jábọ́ lánàá, wá!” ni Bàbá Àlàó ké sí ẹ̀gbọ́n mi.

Àjàgbé dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí iyanrìn.

“Ṣé wàá lè kọ́ ọkọ̀ wíwà?”

“Bí ẹ bá ní kí n kọ́ bí ẹja ṣe ń mí, bàbá, màá kọ́ ọ.”

“Mú àjẹ̀. Gbé mi lọ sílé.”

Bí ọkọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì lójú kan nìyẹn. Bàbá Àlàó rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi bọ́ sómi. Àwẹ̀ró, tí àṣírí rẹ̀ ti tú, kò fi nǹkan kan pa mọ́ mọ́. Ó dúró létí omi, ó ń kígbe: “Ẹ fà á sọ́tùn-ún, olówó orí mi! Ọ̀tún!”

“Ó tán,” ni bàbá rẹ̀ wí. “Ẹ máa mú un lọ. Ṣùgbọ́n kí ọlọ́kọ́ yìí máa wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi o.”

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, a fomi ṣan ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà wa ní Ìbà. Àwọn ìyàwó ilé ní kó fún àwọn àbúrò ọkọ lórúkọ. Ó fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ó kàn rẹ́rìn-ín ni.

Mo ti darúgbó báyìí. Eyín iwájú mi ti ká, àwọn tó kù ti pọ́n bí obì. Àná ni ìyàwó wa tún wá kí mi, láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń ké:

“Eyínfúnjowó mi, ṣé ẹ ti jẹun?”