Ìwé Tí Vincent Tọ́ka Sí

Ọkùnrin kan wà ní Okitipupa, Vincent Adésànyà ni orúkọ rẹ̀. Kì í mutí, kì í jalè, kì í na ìyàwó. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí kì í wọ aṣọ funfun rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, á bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á sì kọrin ju ẹni tí a yàn sí ẹgbẹ́ akọrin lọ. Bí o bá bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ bóyá ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, wọ́n á ní kí o wá ibì kan jókòó sí.

Síbẹ̀, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Lẹ́tà wíńníwíńní ló fi ń kọ ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀.

Iṣẹ́ síláìdì ni Vincent ń ṣe. Bí olùkọ́ tàbí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ bá fẹ́ bá èrò sọ̀rọ̀, òun ló ń bá wọn to ọ̀rọ̀ àti àwòrán sínú kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ á máa gbé e sára ògiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró níwájú tí yóò sọ̀rọ̀ náà. Ó mọ iṣẹ́ yẹn, ká má purọ́ mọ́ ọn.

Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí o bá mú ọ̀rọ̀ láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, wàá fi nọ́ńbà kékeré sí orí ọ̀rọ̀ náà, wàá sì kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ síláìdì pé báyìí-báyìí ló sọ ọ́, ní ọdún báyìí, nínú ìwé báyìí, lójú ìwé báyìí. Ìtọ́kasí ni à ń pè é. Ìdí rẹ̀ ni pé kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ wò ó fúnra rẹ̀.

Vincent kì í wá ìwé kankan. Á jókòó, á ro orúkọ òyìnbó kan, á fi ọdún sí i, á fi ojú ìwé sí i, ó parí. Ọdún mẹ́fà ló fi ń ṣe é, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè rí.

Àfi Judith. Judith ni ọmọbìnrin tó ń bá a tẹ iṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ Ọlọ́run ni, kò sì mọ bí a ti ń dákẹ́. Ní ọjọ́ kan ó yí ojú kúrò lára kọ̀ǹpútà, ó ní:

"Bọ̀dá Vincent, mo wá ìwé yìí títí, mi ò rí i. Níbo lẹ ti kà á?"

"Judith, ta ló ń ka ìsàlẹ̀? Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n kàn fẹ́ rí. Bí wọ́n bá ti rí i, ọkàn wọn á balẹ̀."

"Ọkàn wọn á balẹ̀ lórí kí ni, sà?"

"O ti tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwàásù rẹ."

"Kì í ṣe ìwàásù o. Ẹ̀rí èké ni. Ẹ ń fi ọ̀rọ̀ sí ẹnu ẹni tí kò sọ ọ́. Ọlọ́run kórìíra rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú pìwà dà."

Vincent rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ẹ̀ṣẹ̀ bá ti kéré tó báyìí, áńgẹ́lì tó ń ṣàkọsílẹ̀ lọ́run á nílò awò ojú. Ó fi ṣe ẹ̀fẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo fẹ́ kí o rántí ẹ̀rín yẹn, ìwọ tó ń kà á, torí mo mọ̀ pé ìwọ náà ti rín in rí.

Ní ọdún tó kọjá, àjọ kan ní kí Vincent wá dá àwọn obìnrin tó ń ṣe púpurú, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí ilẹ̀ wa fi ń yangàn, ní Erinje lẹ́kọ̀ọ́, kí iṣẹ́ wọn lè yá sí i. Ẹ̀yin tí ẹ mọ púpurú, ẹ mọ̀ pé a kì í kánjú ṣe é. Ẹ̀gẹ́ ní láti wà nínú omi fún ọjọ́ mẹ́rin, nígbà mìíràn márùn-ún, kí ó rọ̀, kí oró ara rẹ̀ sì jáde, kí a tó fún un, kí a tó ṣù ú, kí a tó gbé e sí orí àtẹ kí èéfín máa rọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n Vincent ti gbọ́ lẹ́nu ẹnì kan nínú ọkọ̀ Ode-Irele pé bí a bá gé ẹ̀gẹ́ náà wẹ́wẹ́, ọjọ́ méjì péré ti tó. Ó fi í sí síláìdì. Ó fi nọ́ńbà kékeré lé e lórí. Ó kọ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n kan tí ìyá kankan kò bí sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ojú ìwé igba ó lé méjìlá ni.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó sọ̀rọ̀ náà, ọwọ́ kan sọ sókè. Charity ni, olórí àwọn obìnrin Erinje.

"Bọ̀dá, ọjọ́ méjì kẹ̀? Ọjọ́ mẹ́rin la bá lọ́wọ́ àwọn ìyá wa o."

Vincent na ọ̀pá sí ìsàlẹ̀ ògiri. "Màmá, ṣé ẹ rí i? Ìwé ló sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe èmi."

Charity sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ta ló fẹ́ bá ìwé jà? Ní ìjókòó ẹ̀yìn, obìnrin arúgbó kan ń pàtẹ́wọ́. Ìyá Vincent fúnra rẹ̀ ni. Láti Àyèká ló ti gun ọ̀kadà wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n òun náà ń ṣe púpurú, ó sì rí àwọn lẹ́tà kéékèèké yẹn.

Kò jẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà ṣú tó fi rẹ ẹ̀gẹ́ tirẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀ ó kó o jáde, ó gbé e sí èéfín, ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ó rò ó, ó sì jẹ ẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tó mọ́ dáadáa, àwọn aládùúgbò ti gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Okitipupa. Ó ń bì, òòyì ń kọ́ ọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò gbà á dúró mọ́.

Vincent sáré débẹ̀. Dókítà ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ màmá.

"Kí lẹ jẹ, màmá?"

"Púpurú ni. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é."

"Ọjọ́ mélòó lẹ rẹ ẹ́?"

"Méjì."

"Méjì! Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Ìyá arúgbó náà gbé ọwọ́ sókè, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. Mo ní láti sọ òtítọ́ fún ọ: inú obìnrin náà dùn bó ti ń nà án. "Ìwé ni, Dókítà. Ọmọ mi yìí ló fi í hàn wá. Mo rí i nísàlẹ̀."

Dókítà yíjú sí Vincent. "Ìwé wo ni, ọ̀gbẹ́ni? Jẹ́ kí n rí i."

Vincent la ẹnu. "Ó... ó wà nílé," ló sọ. Níwájú ìyá rẹ̀ tó ń kú lọ, ó tún purọ́!

Ó jáde síta. Ìgbà yẹn ni ó rántí Erinje. Ọjọ́rú ni wọ́n rẹ tiwọn, àgbá ńlá ẹgbẹ́ ni wọ́n sì fi rẹ ẹ́. Ó ti wà lórí èéfín báyìí. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni wọn yóò pín in kárí ilé, tọmọdé tàgbà yóò sì jẹ ẹ́.

Ó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Charity pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Kò pẹ́ tí Charity fi pè é padà.

"Bọ̀dá, èyí tẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ, ẹ fi ìwé rẹ̀ hàn wá. Èyí tẹ́ ẹ wá ń sọ yìí, ìwé wo ló wà? A ò lè da àgbá ẹ̀gẹ́ nù lásán."

Ṣé o mọ ohun tí Vincent ṣe? Ó jókòó lẹ́bàá ògiri ilé ìwòsàn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n mìíràn sínú fóònù. Ó ti fi ọdún sí i. Ojú ìwé ló ń rò lọ́wọ́ nígbà tí Judith dé, tó gbé ògì wá fún màmá. Judith wo fóònù náà, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀.

"Bọ̀dá Vincent, ṣé irọ́ náà lẹ tún fẹ́ fi gba àwọn ènìyàn yẹn sílẹ̀?"

"Judith, bí mo bá sọ òtítọ́, ó tán fún mi ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀ yìí."

"Ó ti tán ná, sà. Ẹ ti ń fi ọ̀rọ̀ yín sí ọrùn ẹni tí kò sọ ọ́ láti ọjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n Ẹnì kan wà tó fi ọrùn ara rẹ̀ gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀. Jésù kò dá ẹ̀ṣẹ̀ yín, ó sì kú nítorí rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀bi náà fún un."

Fóònù bọ́ lọ́wọ́ Vincent. Ó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níbẹ̀, níwájú àwọn tó wá kí aláìsàn, ó sì sunkún kíkan. Àdúrà rẹ̀ kò gùn. Ó ní, "Jésù, òpùrọ́ ni mí. Èmi ni mo ṣe é. Ṣàánú mi, kí o sì jẹ́ kí n tètè dé Erinje."

Ọ̀kadà gbé e lọ. Nígbà tó dé, àwọn obìnrin náà yí àtẹ ká, èéfín ń gba ojú gbogbo wọn. Ó dojúbolẹ̀ fún wọn.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ìwé yẹn kò sí. Ọ̀jọ̀gbọ́n yẹn kò sí. Ẹnì kan tí mi ò mọ orúkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ nínú ọkọ̀ Ode-Irele. Ìyá mi jẹ ẹ́, ó wà nílé ìwòsàn. Ẹ má jẹ ẹ́."

Wọ́n bú u. Àwọn kan ju igi sí i. Kò dìde. Charity wò ó, ó ní, "Èyí tí o sọ báyìí, ta ló sọ ọ́?"

"Èmi ni mo sọ ọ́, màmá. Èmi Vincent."

Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú kòtò. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn, Ayọ̀bámi, ti figbe ta. Ó ti mú díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ sílé láàárọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjì. Wọ́n sáré débẹ̀, wọ́n bá àwọn ọmọ náà nílẹ̀ tí wọ́n ń bì, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn. Ọlọ́run yọ wọ́n. Dókítà ní bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òkú ni wọn ì bá gbé wá.

Vincent padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó jẹ́wọ́ fún òun náà. Màmá yí ojú sí ògiri.

"Mo fi ọ́ yangàn lójú dókítà," ló sọ. Lẹ́yìn náà ó ní, "Mo dárí jì ọ́, ọmọ mi." Títí di òní, kò lè rìn láìsí ọ̀pá. Jésù ti dárí ji Vincent, ó dá mi lójú, ayọ̀ ìgbàlà sì wà lọ́kàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ló ń rí ọ̀pá yẹn.

Ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò ṣe síláìdì rí láyé rẹ. Irọ́ tìrẹ, níbo lo kọ ọ́ sí? Ta ni o fi orúkọ Ọlọ́run búra fún pé òótọ́ ni? Má sọ fún mi pé ó kéré. Má sì sọ pé ìwọ náà ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, Vincent náà ń lọ.

Ká ní Vincent sọ pé ó di ọ̀la, ta ni ì bá gba àwọn ọmọ Ayọ̀bámi là? Ẹnì kan gbà ọ́ gbọ́ lónìí, ó sì ti fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ ṣe ohun tí yóò pa á. Jésù ń dúró dè ọ́. Kò ní bi ọ́ léèrè ìwé kankan, òtítọ́ rẹ nìkan ló fẹ́.

Kúnlẹ̀ níbi tí o wà. Sọ fún un pé, "Olúwa, èmi ni mo ṣe é." Lẹ́yìn náà, dìde, lọ sọ fún wọn kí wọ́n tó jẹun.