Obìnrin Inú Fíìmù Tó Ń Bọ̀

Àwòrán mọ́tò kan ló mú Ọmọ́bọ́lá dúró. Wọ́n kùn ún sára pátákó iwájú ilé sinimá kékeré kan ní Box Bar, ní Banjul, lọ́dún 2004. Wọ́n sì kọ orúkọ fíìmù Yorùbá tó ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé sábẹ́ rẹ̀ láìfi àmì ohùn sí i: Oko Ti Mo Padanu. Ọmọ́bọ́lá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Abubacarr, ẹni tó ni ilé sinimá náà, jáde wá bi í léèrè ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ọmọ́bọ́lá ṣàlàyé fún un pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kú ni wọ́n fi ṣe fíìmù náà, kò sí mọ́tò kankan tó sọnù níbẹ̀.

"Mo ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé olè ló jí mọ́tò," Abubacarr wí, ojú sì ń tì í.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wá wo olè náà," Ọmọ́bọ́lá dáhùn. "Ikú ni."

Bí wọ́n ṣe pàdé nìyẹn. Abubacarr jẹ́ ọmọ Aku tó jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn àtọmọdọ́mọ Yorùbá ìgbà òwò ẹrú tí baba ńlá wọn ti Freetown wá. Wọ́n ń kí ara wọn ní kúṣẹ́, wọ́n ń jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀, ṣùgbọ́n bí Yorùbá bá ti gùn ju ìkíni lọ, kò yé wọn mọ́. Fíìmù Nàìjíríà ló ń kó èrò wá sílé sinimá rẹ̀, ojú lásán ni àwọn èrò náà sì fi ń wò ó. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Ọmọ́bọ́lá, tíṣà ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi ni ní Latrikunda. Píjìn tirẹ̀ àti èdè Aku sún mọ́ra, wọ́n gbọ́ ara wọn yé.

Ní Sátidé yẹn, Ọmọ́bọ́lá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀, ó ń túmọ̀. Ó fi ohùn ọkọ sọ̀rọ̀, ó fi ohùn ìyàwó sọ̀rọ̀, ó fi ohùn ìyá ọkọ sọ̀rọ̀. Àwọn tó jókòó sunkún níbi ẹkún, wọ́n rẹ́rìn-ín níbi ẹ̀rín. Láti ìgbà náà, kí wọ́n tó bèèrè fíìmù tó ń bọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bèèrè bóyá tíṣà náà ń bọ̀.

Kò pẹ́ tí Abubacarr fi ń sìn ín dé ibi tó ti ń wọkọ̀. Lọ́jọ́ kan, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bọ́lá mi," ó wí, "ohùn rẹ ni mo ń gbọ́ láti Sátidé dé Sátidé."

Ọmọ́bọ́lá kò fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á.

Yaa Mùtíàt, ìyá Abubacarr, kò gba obìnrin náà gbọ́. Ó ní ti pé ó jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì kò burú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń kọ òun lóminú ni pé obìnrin tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún dá wá láti Nàìjíríà, kì í dárúkọ ìyá, kì í dárúkọ bàbá. Ó ní kí ọmọ òun wádìí ẹni tó ń sá fún.

Abubacarr kọ́kọ́ fi í rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí. Ọmọ́bọ́lá kì í jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò. Bí ará Nàìjíríà bá wọlé, á fa gèlè rẹ̀ sílẹ̀ dé iwájú orí. Nígbàkigbà tí Alàgbà Oyèkànmí, Yorùbá tó ń tajà ní Westfield, bá kó fíìmù dé láti Èkó, Ọmọ́bọ́lá ló máa ń fẹ́ tú ẹrù náà.

Nígbà tó yá, fíìmù kan di àwátì nínú ẹrù. Alàgbà Oyèkànmí búra pé ọwọ́ òun lòun fi dì í: Àwo Ọbẹ̀ Kan ni wọ́n ń pè é, ó sì ti gbòde ní Nàìjíríà fún ọdún díẹ̀. Kò sẹ́ni tó tú ẹrù náà àfi Ọmọ́bọ́lá. Abubacarr bi í léèrè. Ó ní òun kò rí i, ojú rẹ̀ sì wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ìfura ti wọ inú ìfẹ́ wọn bí iyanrìn ṣe ń wọ inú ìrẹsì.

Abubacarr ní kí Alàgbà Oyèkànmí bá òun wá ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn, kò sì sọ fún Ọmọ́bọ́lá. Ọjọ́ Sátidé tí wọn yóò fi í hàn, ìgbà tí ilé ti kún ló tó lẹ pósítà rẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà. Ọmọ́bọ́lá dé, ó sì rí ara rẹ̀ lórí ògiri. Ó kúnlẹ̀ nínú àwòrán náà, ó gbé àwo ọbẹ̀ lọ́wọ́.

"Ò bá ti bi mí," ó wí.

"Mo bi ọ́," Abubacarr dáhùn.

Abubacarr rò pé yóò pẹ̀yìn dà lọ, ṣùgbọ́n ó wọlé, ó sì dúró síbi tó máa ń dúró sí. Lójú aṣọ funfun, ìyàwó kan bu májèlé sínú ọbẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní kí olówó orí òun jẹun. Ojú kan náà dúró nísàlẹ̀, ó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní Píjìn. Yaa Mùtíàt, tó jókòó níwájú, fi ìbòrí bo ẹnu rẹ̀. Nígbà tí fíìmù parí, àwọn èèyàn jáde láìkí tíṣà.

Ìgbà náà ni Ọmọ́bọ́lá tó sọ tẹnu rẹ̀. Ó wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré kan ní Abẹ́òkúta, fíìmù yẹn sì ni wọ́n kọ́kọ́ fún un ní ipa ńlá. Inú Adébọ̀dé, ọkọ rẹ̀, dùn débi pé òun fúnra rẹ̀ ń bá wọn lẹ pósítà. Fíìmù náà kò tíì pé ọdún kan lọ́jà tí àìsàn kíndìnrín fi pa Adébọ̀dé.

"Dókítà sọ ohun tó pa á," Ọmọ́bọ́lá wí. "Àdúgbò sọ tiwọn. Ìyá rẹ̀ ní òun mọ bí mo ṣe ṣe é."

"Ṣé o ṣe é?" Ọ̀rọ̀ náà ti bọ́ kí Abubacarr tó lè gbé e mì.

"Rárá. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí mi kan ṣoṣo ti wà nínú ilẹ̀." Ọmọ́bọ́lá mú báàgì rẹ̀, ó lọ.

Kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Abubacarr fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù rẹ̀, èyí tó ju èkejì kò yé òun fúnra rẹ̀.

Yaa Mùtíàt kò dúró dè é. Alàgbà Oyèkànmí ń lọ sí Èkó, Yaa sì bẹ̀ ẹ́ kó yà sí Abẹ́òkúta. Nígbà tí bàbá náà dé, ó wá jókòó ní àgbàlá wọn. Ó ní òun rí ìyá ọkọ, òun rí àwọn aládùúgbò, gbogbo wọn ló ní obìnrin náà ló ṣe é.

"Ta ló rí i?" Abubacarr bèèrè.

"Gbogbo wọn ní àwọn fojú rí i."

"Níbo?"

Alàgbà Oyèkànmí ṣí fìlà rẹ̀. "Nínú fíìmù," ó wí.

Yaa Mùtíàt ń bó ẹ̀pà. Ó dá ọwọ́ dúró. "Èmi náà rí i," ó wí jẹ́ẹ́. "Iwájú ni mo jókòó sí." Nígbà tí ọmọ rẹ̀ dìde, kò bi í léèrè ibi tó ń lọ.

Ní Latrikunda, Abubacarr bá Ọmọ́bọ́lá níbi tó ti ń di ẹrù. Ó ti ríṣẹ́ sí Dakar.

"Ebi ń pa mí," Abubacarr wí.

Ọmọ́bọ́lá rò pé ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ọkùnrin náà bọ́ bàtà, ó jókòó sórí ẹní. Ni Ọmọ́bọ́lá bá dáná. Ó se ìrẹsì, ó se ọbẹ̀ ilá. Nígbà tó gbé e kalẹ̀, Abubacarr ṣe bísímílà lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ kàn án, ọbẹ̀ sì ń kán sí kaftánì rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán.

"Ẹ̀rù ń bà ọ́," Ọmọ́bọ́lá wí.

"Ó ń bà mí."

"O sì jẹ ẹ́."

"Mo jẹ ẹ́, Bọ́lá mi. Fẹ́ mi. Jẹ́ ká jọ máa gbé títí yóò fi rẹ ẹ̀rù náà."

Ọmọ́bọ́lá sunkún. Ó ní ọ̀pọ̀ ló sọ fún òun ní Abẹ́òkúta pé àwọn gba òun gbọ́, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó tún jẹun òun. Lẹ́yìn náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó aṣọ rẹ̀ jáde nínú báàgì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n so yìgì ní àgbàlá Yaa Mùtíàt. Ọlá, àbúrò ìyàwó, ti Abẹ́òkúta wá fà á lé ọkọ lọ́wọ́. Kí wọ́n tó gbé oúnjẹ jáde, Yaa Mùtíàt pe ìyàwó sọ́dọ̀.

"Mo ṣì ń wò ọ́ o," ó wí.

"Ẹ máa wò mí, Yaa," Ọmọ́bọ́lá dáhùn lórí ìkúnlẹ̀. "Onísinimá náà ni mo kúkú fẹ́."

Ìyá arúgbó náà fẹ́ pa ẹ̀rín mọ́ra, kò lè pa á mọ́. Ó fà á dìde, ó sì fi í jókòó ti ara rẹ̀.