Òkò Tí Bàbá Kà Sí Ọkọ

Ẹ̀rín ni Láníyì kọ́kọ́ gbọ́. Nígbà tó yíjú padà nídìí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀wọ̀, ọmọbìnrin eléyinjú ẹgẹ́ kan ló rí, tó fọwọ́ bo ẹnu.

"Bọ̀dá, òkò tiyín yìí, ṣé ilẹ̀ kì í fà á ni?"

Lọ́dún 1996 ni. Eré orí kọ̀ǹpútà, géèmù, ni Láníyì ń kọ: ọmọdé ń fi òkò já máńgòrò. Ṣùgbọ́n òkò náà ń lọ gbọnrangandan bí okùn ìsáṣọ. Ọmọbìnrin náà, Ìbílọlá, tó ń kọ́ ìṣirò ní Pólì, fa àga jókòó.

"Ìrìn ti iwájú kì í yí padà. Ti òkè ni ilẹ̀ ń fà, tó ń dín kù títí òkò á fi wálẹ̀. Ẹ ṣírò wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀."

Wọ́n ṣe é. Òkò gòkè, ó tẹ̀, máńgòrò já.

"Ìwọ lò ń fà mí báyìí o," ni Láníyì wí.

"Ẹlẹ́nu dídùn! Ẹ kọ́kọ́ wálẹ̀ ná."

Ká má fọ̀rọ̀ gùn, ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Láníyì fi orúkọ olólùfẹ́ rẹ̀ sọ ọmọ inú eré náà.

Bàbá Ìbílọlá, Tíṣà Olúgbádé, ní òun kò lè fọmọ fún ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣeré. Ìbílọlá bẹ̀ ẹ́ títí ó fi wá wo iṣẹ́ náà. Áà, kọ̀ǹpútà ìgbà yẹn kò mọ àmì ohùn! Ohun tí Bàbá bá lójú rẹ̀ ni: IBILOLA JU OKO.

Ju òkò ni wọ́n kọ. Ju ọkọ ni Bàbá kà. Bẹ́ẹ̀ Fúnmiọlá, ẹ̀gbọ́n Ìbílọlá, ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni, gbogbo àdúgbò ń fi wọ́n ṣẹ̀sín.

"Ìwọ náà ń fi ilé mi ṣẹ̀fẹ̀?"

"Bàbá, òkò ni o, òkò!" Láníyì dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"O kò ní fẹ́ ọmọ mi láéláé!" ni Bàbá kígbe lójú gbogbo oníbàárà.

Nílé, Fúnmiọlá ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún Bàbá. Bàbá fèsì pé, "Mo ti gbọ́, òkò ni. Ọ̀rọ̀ tí mo ti sọ lójú gbogbo ayé ńkọ́?" Ìgbéraga burú jọjọ!

Wọ́n bẹ̀ ẹ́ fún ọdún méjì, ó kọ̀ jálẹ̀.

"Àyànfẹ́ mi, bó o bá fẹ́ padà sẹ́yìn, n kò ní bínú," ni Láníyì wí.

"Ta ló fẹ́ padà? Ohun tó ń dùn mí ni pé mo fẹ́ràn ẹ̀yin àti Bàbá mi."

Ní kóòtù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Akọ̀wé béèrè ẹni tí yóò fa ìyàwó lé ọkọ lọ́wọ́. Ìbílọlá wo ẹnu ọ̀nà títí, kò sẹ́ni tó wọlé. Ó na ọwọ́ rẹ̀ sí Láníyì, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Èmi fúnra mi ni," ló wí.