Màá Dúró Dè Ọ́

Lẹ́búlẹ́bú pákó bo ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù káfíńtà débi pé adìẹ tó bá kọjá á fi ipa ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá télọ̀ wọlé, ó tún jáde, kò sí ipa ẹsẹ̀ kankan. Káfíńtà ní ojú òun ló ti ń ṣe bàìbàì.

Ilé ìwòsàn ni àwọn méjèèjì ti mọra. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n sáré gbé wọn dé. Ìpá ló ń ṣe wọ́n: ìfun ti yọ sí abẹ́ ikùn wọn, wọ́n ń ké bí ọmọdé. Dókítà fọwọ́ tì í padà, ìrora sì lọ.

"Kò tíì tán o," ni dókítà wí. "Tó bá tún yọ, tó sì há, ó lè pààyàn. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ká ṣètò iṣẹ́ abẹ."

Ẹ̀rù ọ̀bẹ ba télọ̀. Káfíńtà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Màá wá pè yín nílé, a jọ máa lọ ni."

"Màá dúró dè ọ́."

Àmọ́ ara yá, iṣẹ́ pọ̀, káfíńtà wá ń fòní dónìí, ó ń fọ̀la dọ́la. Ìgbà náà ni télọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án, ẹ̀wù kan náà lọ́rùn, tó ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀. Á fọwọ́ di abẹ́ ikùn mú.

"Ṣé ká máa lọ?" Ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun lọ.

"Bàbá, ó dọ̀la."

Ọjọ́ tí káfíńtà kò rí ipa ẹsẹ̀ yìí gan-an ni ìpá tirẹ̀ tún yọ. Ó ju ìfági sílẹ̀, ó gba ilé télọ̀ lọ láti pè é.

Ìyàwó télọ̀ ló ṣílẹ̀kùn, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ó ti pẹ́ tá a ti sin ín. Ó múra lọ́jọ́ tí dókítà dá, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà níbí, ó ní òun ò lọ àfi tí káfíńtà bá dé. Orí àga yẹn ni ìrora ká a mọ́. Ká tó gbé e dé ọsibítù, ó ti kú." Ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Àbí ẹ̀yin ni káfíńtà?"

Ìtìjú àti ẹ̀rù jọ gbá káfíńtà mú. Ó tiro dé ilé ìwòsàn, ó jókòó síta yàrá dókítà. Òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Nọ́ọ̀sì yọjú. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Nínú ẹ̀yin méjèèjì, ta ló máa kọ́kọ́ wọlé?"

Káfíńtà kò wẹ̀yìn. Òórùn aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ gba imú rẹ̀, ọwọ́ tútù kan sì rọra tì í léjìká.

"Máa wọlé lọ, ọmọ mi. Màá dúró dè ọ́."