Ìwé Aláwọ Pupa Dókítà Lindauer

"Irmgard, dúró níbẹ̀!"

Ohùn Tíṣà Pfeil ni. Irmgard ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kan ilẹ̀kùn ilé Dókítà Lindauer ni ọkùnrin náà yọ lẹ́yìn igi, ó fa fìlà bojú.

"Ẹ káàsán, sà."

"Ìwọ lo sún mọ́ bàbá yìí jù nínú gbogbo ẹ̀yin ọmọ tó ń wá síbí. Ìwé ńlá aláwọ pupa tó máa ń wà lórí tábìlì ẹnu ọ̀nà yẹn, bá mi mú un. Tó o bá ti gbé e fún mi lọ́la, kí ìjókòó tó bẹ̀rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú, ó parí. O ṣáà mọ̀ pé èmi ni mò ń yan àwọn tó ń wọ ilé ẹ̀kọ́ orin?"

Irmgard mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, bàbá rẹ̀ ti kú, aṣọ ni ìyá rẹ̀ ń fọ̀ fún àwọn ará Hallbach, ìlú wọn ní Jámánì. Láti kékeré ló ti ń lá àlá ilé ẹ̀kọ́ orin náà, ìdánwò ìwọlé sì ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ogójì ọdún ni Dókítà Lindauer fi kó ìwé orin jọ. Nígbà tí àwọn ẹlòmíì ń fi ìwé orin àtijọ́ di wàràkàṣì, òun ń fi owó oṣù rẹ̀ rà á. Yunifásítì ló ti ń kọ́ni ní ìmọ̀ orin, títí ìjọba Hitler fi lé e kúrò nítorí pé Júù ni. Síbẹ̀, ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń wà ní ṣíṣí fún tolówó tálákà. Òfin kan ṣoṣo ló ní: ẹni tó bá ṣí ìwé gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ara rẹ̀, orúkọ ìwé náà àti déètì sínú ìwé aláwọ pupa.

"Ìwé tẹ́nikẹ́ni ò kà, òkú ni," ló máa ń wí. "Mo kàn fẹ́ mọ ẹni tó jí tèmi dìde ni."

Ní báyìí, ó fẹ́ kó àwọn ìwé rẹ̀ lọ bá ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n ẹnì kan ti kọ̀wé sí ìjọba pé Lindauer ti orin àwọn ará Jámánì mọ́lé, pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú kàn án rí, kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni wọ́n fẹ́ jókòó lé lórí ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ kejì. Ta ni ẹni náà? Tíṣà Pfeil ni! Ọkùnrin tó jẹ́ pé inú yàrá ìwé bàbá náà gan-an ló jókòó sí tó fi kọ ìwé tó sọ ọ́ di olókìkí, tó ń jẹ kéèkì ápù onílé, tó ń mu kọfí onílé. Igún ṣoore, igún pá lórí.

Irmgard wọlé. Dókítà ń po kọfí ní kíṣìnì. Ọmọbìnrin náà gbé ìwé pupa sábẹ́ kóòtù rẹ̀, ó jáde wọ́ọ́rọ́.

"Kí ló wú lábẹ́ kóòtù ẹ?" ìyá rẹ̀ béèrè bó ṣe délé.

Kò rí irọ́ pa. Ó sọ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ nu ọwọ́ ọṣẹ, ó ṣí ìwé náà sẹ́yìn, sẹ́yìn, títí ó fi dé ọdún 1920. "Ka ibí yìí."

Irmgard kà á, orúkọ ìyá rẹ̀ ló rí: *Frieda Kolb. Orin ìrẹmọlẹ́kún.*

"Mo gbé aṣọ lọ sílé Dókítà, mo gbé ẹ dání, ò ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa. Mi ò mọ àmì orin kankan. Bàbá yẹn ṣíwèé, ó kọ́ mi lórin náà lẹ́nu títí mo fi mọ̀ ọ́n. Òun ni mo fi rẹ̀ ọ́ dàgbà. Ó wá ní kí n kọ orúkọ mi, èmi alágbàfọ̀!" Ó ti ìwé náà sí i. "Ìwọ lo jí i. Ìwọ lo máa mọ ẹni tó o máa gbé e fún."

Lọ́jọ́ kejì, gbọ̀ngàn ìlú kún fọ́fọ́. Irmgard kò tíì pinnu. Tíṣà Pfeil rí bí kóòtù rẹ̀ ṣe wú, ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé tòun ti bọ́ sí i. Ó dìde.

"Ogójì ọdún! Ọkùnrin yìí ò jẹ́ kí ará Jámánì kankan fọwọ́ kan àwọn ìwé wọ̀nyẹn. Èmi fúnra mi ò wọ ilé ẹ̀ rí!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Èèyàn kan máa jẹun tán, á tún ní òun ò mọ ilé olóúnjẹ! Irmgard kò mọ ìgbà tó dìde.

"Irọ́ ni!" Ó ṣí ìwé pupa náà. "Tíṣà Pfeil: ìgbà igba ó lé mọ́kànlá. Pásítọ̀: ìgbà mẹ́rìndínlógójì. Ìyàwó olórí ìlú..."

Àwọn èèyàn ń wo ilẹ̀.

"Jókòó, aláìmoore!" Pfeil pariwo.

"Èmi àti ẹ̀yin, ta ni aláìmoore?"

Ẹ má rò pé òtítọ́ borí lọ́jọ́ náà o. Títì ni wọ́n tì í síta, tòun ti ìwé pupa lọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ̀ ẹrù ti kó gbogbo ìwé lọ, Pfeil ni wọ́n sì fi ṣe alábòójútó wọn. Wọ́n pa orúkọ Irmgard rẹ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ibùdókọ̀ ojú irin, lọ́jọ́ tí Dókítà ń lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, báàgì kan ṣoṣo ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Èmi ni mo jí ìwé yín, sà," Irmgard ń sunkún, ó na ìwé pupa sí i. "Ẹ forí jì mí."

"Mo rí ẹ láti kíṣìnì. Mo ní jẹ́ n wo ibi tó o máa gbé e lọ." Ó dá ìwé náà padà sí i lọ́wọ́. "Tọ́jú ẹ̀ fún mi, ọmọ mi."

Ọdún méjìlá ni Irmgard fi lọ aṣọ olówó, tí ìwé pupa wà ní ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. Ogun jà, ogun parí. Dókítà kú sí ilẹ̀ àjèjì. Ọmọ rẹ̀ padà wá, ó ní kí wọ́n kó ìwé bàbá òun jáde. Pfeil, tó ti di ọ̀gá ilé ìkàwé ìlú, fẹjú mọ́ ọn níwájú adájọ́: "Ẹ̀rí dà? Orúkọ bàbá náà ò sí lára ìkankan nínú wọn." Ṣebí òun fúnra rẹ̀ ló ya orúkọ náà kúrò!

Irmgard gbé ìwé pupa ka orí tábìlì. Orúkọ Dókítà Lindauer wà lórí gbogbo ojú ìwé, orúkọ àwọn ìwé rẹ̀ tò sábẹ́ rẹ̀, igba ó lé mọ́kànlá nínú wọn sì jẹ́ ìkọ̀wé Pfeil gan-an. Adájọ́ ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ fún ọmọ Dókítà. Bí irọ́ lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a.

Ẹ̀yin ọmọ, òtítọ́ lè gba ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ẹni, kò ní gba ojú tí a fi ń wo èèyàn. Lọ́jọ́ tí àwọn ìwé náà padà délé, Irmgard mú ìwé orin ìrẹmọlẹ́kún jáde. Kó tó ṣí i, ó mú kálámù, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú ìwé pupa.