Àwọn Akàn Tí Tẹ́gà Ṣẹ́ Lọ́wọ́

Akàn kan rọ̀ mọ́ apá ẹ̀wù ọkùnrin tó dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá ìwádìí ní Àpápá, ṣùgbọ́n akàn kọ́ ni ọkùnrin náà ń wò. Morádéún ló ń wò.

“Ẹ káàárọ̀, Dókítà. Oghenetega lorúkọ mi, Tẹ́gà ni wọ́n ń pè mí, láti Ajégúnlẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀ ń wá ẹni tí yóò máa mú akàn wá.”

“Èyí tó wà lápá yín ńkọ́?”

“Ìyẹn ò sí fún títà. Ó fẹ́ràn mi ni.”

Morádéún kì í fi ẹ̀rín ṣòfò. Síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mọ̀ bóyá epo tó ń dà sínú ọ̀sà ń ba ẹ̀jẹ̀ akàn jẹ́. Á tẹ́ akàn sórí yìnyín títí yóò fi rọ̀ pẹ̀sẹ̀, á wá ti abẹ́rẹ́ tín-ín-rín bọ oríkèé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń fà kì í pupa. Bí omi ló ń jáde, atẹ́gùn ní í sọ ọ́ di aláwọ̀ aró. Tẹ́gà á dúró máa wò ó. Díẹ̀díẹ̀, Dókítà di Déún, “ẹ” sì di “o”.

“Déún, you sure say e no dey pain am?”

“Ó ń dùn ún díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gún un lẹ́ẹ̀mejì.”

Ní ọjọ́ kan, akàn gé Morádéún níka títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Nígbà tí Tẹ́gà tún dé, ó ti ṣẹ́ ọwọ́ gbogbo akàn inú agbọ̀n, kí wọ́n má baà pa Déún lára mọ́. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ṣàn dànù lójú ibi tó ṣẹ́. Èyí tó kù kò wúlò fún ìwádìí.

“Òfò pátápátá,” ni Morádéún wí lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. “Ọpọlọ wo lo fi ṣe èyí?”

Tẹ́gà gbé agbọ̀n rẹ̀. Kò padà wá.

Sylvester, alákàn mìíràn láti Ajégúnlẹ̀, ló wá ń gbé akàn wá. Bí Morádéún bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á gbójú sókè, á rí i pé Sylvester ni. Á ní iṣẹ́ ni iṣẹ́. Àmọ́ bó bá ti fọwọ́ kan àpá kékeré tó wà níka rẹ̀, á gbàgbé ohun tó ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ á sì dì sínú abẹ́rẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun tó kórìíra òfò.

Nígbà tí ìwádìí parí, ó gba Olódì-Àpápá kọjá sí etí omi Ajégúnlẹ̀. Ó bá Tẹ́gà níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ tó fà sórí iyanrìn.

“Sylvester ò gbé akàn wá ni?” Tẹ́gà ò gbójú sókè.

“Mi ò wá ra akàn. Iṣẹ́ ti parí.”

“So wetin you find come?”

Morádéún ti ọwọ́ bọ inú agbọ̀n tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akàn gbá a níka mú, kò ké. Tẹ́gà ló fò dìde. Ó rọra tú ọwọ́ akàn náà, kò ṣẹ́ ẹ.

“Ohun tí mo sá fún nìyẹn, Déún.”

“Kí akàn máa gé mi. Ó sàn ju kí n má rí ọ lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ọ burú. Jọ̀wọ́.”

Tẹ́gà dá akàn náà padà sínú agbọ̀n.

“Màmá ẹ ńkọ́? Ṣé wọ́n á gba ọmọ Urhobo, alákàn Ajégúnlẹ̀?”

“Mo ti sọ fún wọn. Wọ́n ní kí o wá jẹun lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi, kí o mú akàn lọ́wọ́.”

“Kí n ṣẹ́ ọwọ́ àwọn akàn?”

“Ti ìkòkò màmá mi, ṣẹ́ ẹ.” Ó na ọwọ́ tí akàn gé sí i. “Èyí, dì í mú.”

Tẹ́gà dì í mú. Kò fi í sílẹ̀ títí omi fi kún dé ìdí ọkọ̀.